Ẹyẹ Tí Kò Lórúkọ

Ìyá Ìbejì kọ̀, kò jókòó. Ó gbé fóònù náà sórí tábìlì, ó fi ìka kan ṣoṣo tì í síwájú bí ẹni ń ti ohun tó ń rùn, ó ní, "Ẹ gbà á, Màdáámù. Mi ò kọ̀wé mọ́ láyé mi."

Obìnrin tó wà lẹ́yìn tábìlì gbójú sókè. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ogún ọdún ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, Abẹ́rẹ́ sì ni gbogbo àgọ́ ń pè é, nítorí wọ́n ní kò síhò tó kéré jù fún un láti wọ̀. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe ń fẹ́ káyé mọ̀ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló fi ọkọ̀ ibi iṣẹ́ gbé e wá. Bẹ́líìtì inú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ń han fín-ín, fín-ín, fín-ín, Abẹ́rẹ́ sì fi àbúrò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà: "Ìwọ odidi ọ̀gá, ọkọ̀ rẹ ń ké bí òròmọdìyẹ tébi ń pa." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó wọlé tó bá Ìyá Ìbejì lórí ìdúró.

"Kì í ṣe èmi ló yẹ kó gbà á," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ilé-iṣẹ́ aṣọ́gbó ló fún yín."

"Mi ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú ń tì mí. Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ìwé tí mo kọ ló ti Bàbá Ìbejì mọ́lé. Àwọn ẹbí ẹ̀ ò dá mi lóhùn mọ́. Àwọn ìbejì gan-an, bí mo bá bu omi fún wọn, wọ́n á kọ́kọ́ wojú ara wọn ná. Lọ́la lẹ̀ ń gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba fóònù yín."

Ẹjọ́ náà kò le rárá lójú Abẹ́rẹ́ nígbà tó parí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ aṣọ́gbó so àwọn ẹ̀rọ kéékèèké mọ́ orí igi káàkiri igbó ìjọba. Etí ni wọ́n ń pè wọ́n: bí ayùn bá dún, etí á gbọ́, á sì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì. Wọ́n tún pín fóònù fáwọn ará abúlé tó wà lẹ́bàá igbó, pé kí ẹni tó bá rí ohun tí kò yẹ kọ ọ́ ránṣẹ́. Fóònù kan náà ní í sọ fún wọn ìgbà tí òjò máa rọ̀ àti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ń bọ̀, orí rẹ̀ náà sì ni Ìyá Ìbejì ti kọ́ ìwé kíkà lẹ́yìn tó ti pé ogójì ọdún.

Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, wọ́n rí i pé igi àgbà mẹ́ta ti ṣubú nínú igbó náà. Wọ́n ti là wọ́n sí pákó, wọ́n sì ti kó pákó lọ. Etí mẹ́ta tó wà nítòsí kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí wọ́n ti tú wọn lọ fún àtúnṣe. Bàbá Ìbejì ni wọ́n bá lórí ìdúró láàárín àwọn kùkùté, àdá lọ́wọ́. Agégẹdú ni tẹ́lẹ̀ kó tó di ẹ̀ṣọ́ igbó. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ aṣọ́gbó, tí í ṣe àbúrò Abẹ́rẹ́, ló pe ọlọ́pàá. Òun náà ló mú ìwé tó pa ẹnu gbogbo ayé mọ́ wá, ọ̀rọ̀ tí Ìyá Ìbejì kọ ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà: *Ọkọ ti wọ inú igbó láti àárọ̀.*

Abẹ́rẹ́ ti jókòó síwájú ọkùnrin náà nígbà náà, ó ti sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti jẹ́rìí sí i pé òun ló wọ igbó. Ọkùnrin náà wò ó títí. "Bó bá jẹ́ òun ló sọ bẹ́ẹ̀," ó ní, "ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ bá fẹ́." Kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti jẹ́wọ́, ọ̀gá àgọ́ sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ níṣojú gbogbo èèyàn.

Nísinsìnyí Abẹ́rẹ́ mú fóònù náà, torí kó lè fún obìnrin náà níwèé pé òun gbà á. Ojú rẹ̀ bọ́ sára àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀. *Baba ibeji n wuko, nigba wo ni noosi n bo. Baba ibeji ti de lati inu igbo, alaafia ni. Obo meji n je agbado wa, baba ibeji ni ki a ma so oko lu won.* Ó ń yí i lọ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lójijì ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

"Ìyá Ìbejì, kí lẹ ń pe baálé yín?"

"Bàbá Ìbejì ni."

"Ẹ ò pè é lọ́kọ rí?"

"Háà! Màdáámù! Ọkọ bíi báwo? Bàbá Ìbejì ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti bí wọn."

"Kẹ́ ẹ tó bí wọn ńkọ́?"

Obìnrin náà sọ ojú sílẹ̀. "'Ẹ gbọ́ ná' ni mo ń pè é."

Abẹ́rẹ́ yí fóònù sí i, ó nàka sí *Oko ti wo inu igbo lati aaro.* "Kí wá lèyí?"

Ìyá Ìbejì tẹ̀ síwájú, ó fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà bí fóònù ṣe kọ́ ọ, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀. "Ọ-kọ̀. Ọkọ̀ ti wọ inú igbó láti àárọ̀. Eruku ẹ̀ ni mo rí lẹ́yìn ilé wa, kò jẹ́ kí n rí ẹni tó wà nínú ẹ̀." Ó gbójú sókè, ẹ̀rù bà á. "Àbí mo ṣì í kọ ni?"

Abẹ́rẹ́ tún ọ̀rọ̀ náà kà. Òun náà wà nílé ọkọ. Ogún ọdún ó dín méjì, kò pe ọkùnrin náà ní ọkọ rí, "Dádì" ló ń pè é. Abiyamọ wo ló máa jókòó sílé tó máa kọ ọ́ gbàgàdà pé "ọkọ ti wọ igbó", bí ẹni pé ọkọ gbogbo ìlú ni? Ọmọ kékeré ì bá fura sí i. Òun tí kò síhò tí kò lè wọ̀, àmì kan tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ ló gbé e ṣubú. Ojú tì í débi pé kò lè wo obìnrin náà.

"Ẹ ò ṣì í kọ," ó ní. "Ẹ jókòó síbí. Ẹ má lọ síbì kankan títí n ó fi dé."

Ó yẹ kó bẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò bẹ̀ ẹ́, ó ké sí sájẹ́ǹtì rẹ̀, wọ́n sì jáde.

*

Ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé-iṣẹ́ aṣọ́gbó ni wọ́n ń pè ní Onígíláàsì, nítorí awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Abẹ́rẹ́ kò tiẹ̀ kí i dáadáa.

"Fóònù àwọn ará abúlé ò ní àmì ohùn. Ta ló fi àmì sí ìwé tẹ́ ẹ mú wá fún wa?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Màdáámù. Ó máa ń wo ọ̀rọ̀ tó yí i ká, á wá mú èyí tó bá a mu. Ẹ wò ó: oko, ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló mọ̀." Inú rẹ̀ ń dùn, bí ẹni ń ṣàfihàn ọmọ rẹ̀.

"Èwo ló mú lọ́jọ́ náà?"

Onígíláàsì tẹ bọ́tìnnì. Ó sún mọ́ ojú ẹ̀rọ. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Ọkọ̀ ló mú."

"Ta ló wá sọ ọ́ di ọkọ?"

"Èèyàn ni. Wọ́n yí i padà láago mọ́kànlá àárọ̀." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Orúkọ mi... orúkọ mi ni wọ́n fi wọlé."

Sájẹ́ǹtì ti ń fọwọ́ wá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nínú àpò. Abẹ́rẹ́ gbọ́wọ́ sókè dá a dúró. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni: òun ló máa ń fi òwe yìí kọ́ àwọn ọlọ́pàá tuntun, ó sì dùn ún pé òun kò tẹ̀ lé e lọ́jọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

"Níbo lo wà láago mọ́kànlá?"

"Abúlé ni mo wà o! Mò ń fi bí wọ́n ṣe ń wo ọjọ́ òjò han àwọn obìnrin. Ogójì ni wọ́n. Ìyá Ìbejì gan-an wà níbẹ̀, ẹ bi í! Alùpùpù ni mo gùn lọ, torí Ọ̀gá ní ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì."

"Ta ló mọ ọ̀rọ̀ tó o fi ń ṣí kọ̀ǹpútà?"

Ọkùnrin náà gbé pátákó bọ́tìnnì, ó yí i dojú dé. Bébà kékeré kan tó kọ ọ̀rọ̀ náà sí wà lábẹ́ rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn dan-in dan-in. "Kí n má baà gbàgbé ni," ó ní.

"O kú ọgbọ́n," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ta ló ní kí wọ́n tú etí mẹ́ta yẹn lọ fún àtúnṣe?"

"Ọ̀gá ni."

"Kí ni Bàbá Ìbejì ń ṣe lọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ń la igi?"

"Òdìkejì igbó ló wà. Ọ̀gá ló ní kó lọ ka òkúta ààlà. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ló tó padà."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí?"

"Méjì ni. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi." Onígíláàsì wolẹ̀. "Màdáámù, ẹ̀yin náà kúkú mọ̀."

Ó mọ̀. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré káàkiri, ó ń wá ibi tí àbúrò òun lè gbà yọ. Wọ́n lè jí kọ́kọ́rọ́. Ó lè jẹ́ pé ó sùn gbàgbé sórí bọ́tìnnì. Ṣebí ó sọ fún òun pé ìpàdé ló wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ́jọ́ náà? Bó ṣe ń rò ó ló ń gbọ́ ara rẹ̀, ó sì dà bíi lọ́yà burúkú létí ara rẹ̀. Kò bá Bàbá Ìbejì wá irú ibi àsálà bẹ́ẹ̀ rárá.

Onígíláàsì rí i pé ojú rẹ̀ ti dá gùdẹ̀, ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn tù ú nínú. "Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu ni ọjọ́ náà lóòótọ́, Màdáámù. Àmọ́ nǹkan ire kan ṣẹlẹ̀. A rí ẹyẹ tuntun."

"Ẹyẹ wo?"

"Etí kan wà létí odò, òun ò mọ ayùn, ohùn ẹyẹ nìkan ló ń kà. Ó ti mọ ohùn ẹyẹ tó lé lọ́gọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ náà ó gbọ́ ọ̀kan tí kò mọ̀, ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn aago mẹ́jọ àti lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ẹyẹ tí kò lórúkọ. Mo ti kọ lẹ́tà sáwọn onímọ̀."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó di ojú, ó ń gbádùn rẹ̀. Omi odò ń ṣàn. Àwọn ẹyẹ tó lórúkọ ń sọ tiwọn. Lẹ́yìn náà ló dé láti ọ̀nà jíjìn, ó ń sún mọ́ tòsí: fín-ín, fín-ín, fín-ín.

Abẹ́rẹ́ dìde dúró. "Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Ìgbà yìí ló la ojú tó sì rí obìnrin náà. "Màdáámù, ẹ mọ ẹyẹ náà ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Abẹ́rẹ́ dáhùn. "Òun ló gbé mi wá sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ yìí."

*

Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ́gbó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé Màmá wọn. Ibẹ̀ ni àbúrò Abẹ́rẹ́ ti ń jẹun ọ̀sán lójoojúmọ́. Abẹ́rẹ́ ní kí sájẹ́ǹtì dúró níta, ó dá wọlé.

Àbúrò rẹ̀ wà nídìí tábìlì. Abẹ́rẹ́ kò wò ó, òkè ló ń wò. Àjà tuntun ni lábẹ́ òrùlé tuntun, pákó rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ó ń dán, òórùn igi tútù ṣì ń bẹ lára rẹ̀. Fún ọdún mẹ́ta ni òjò ti ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn. Níbi ìpàdé ẹbí tó kọjá, òun Abẹ́rẹ́ ló fi ẹnu gún ọkùnrin náà níṣojú gbogbo ẹbí: "Ìwọ tó ń ṣọ́ igi fún gbogbo ayé, o ò rí pákó kan mú fún orí ìyá ẹ." Gbogbo wọn ló rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lábẹ́ àjà yìí kan náà, ó ti yìn ín títí.

"Igi wo nìyí?" ó béèrè.

"Àǹtí, ṣé ọ̀rọ̀ igi lẹ fẹ́ jẹ lọ́sàn-án yìí ni?"

"Bẹ́líìtì ọkọ̀ rẹ ti dé inú kọ̀ǹpútà. Wọ́n pè é lẹ́yẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò rí ibi gbé, ó kú sí i lẹ́nu.

"Ọkọ̀ ni ẹ̀rọ mú," ni Abẹ́rẹ́ ń bá a lọ. "Ìwọ lo yọ àmì orí ẹ̀. O pa dà dé láti inú igbó, o rí ohun tí obìnrin náà kọ, o fi ìka kan ṣoṣo sọ ọkọ̀ rẹ di ọkọ ọlọ́kọ."

Àbúrò rẹ̀ ti àwo oúnjẹ síwájú. "Ọ̀kan ni mo ní lọ́kàn, Àǹtí. Ọ̀kan péré, fún àjà yìí. Àwọn agégẹdú ní àwọn ò lè torí igi kan wọgbó, àfi káwọn náà mú méjì. Mo ti mú wọn débẹ̀ ná, mi ò wá rí bí mo ṣe lè dá wọn padà."

"Bàbá Ìbejì ńkọ́?"

"Mo rò pé wọ́n á tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ti gégi rí. Mo rò pé... mi ò mọ ohun tí mo rò."

"Èmi ńkọ́? Ọlọ́pàá pọ̀ ní àgọ́. Kí ló dé tó jẹ́ èmi lo gbé ìwé náà wá fún?"

"Torí ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì."

Abẹ́rẹ́ fọwọ́ di ẹ̀yìn àga mú. Wọ́n ti bú u rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, olè ti tutọ́ sí i lára rí, kò sí èyí tó dùn ún tó gbólóhùn yìí, nítorí òótọ́ ni.

Ìgbà náà ni wọ́n rí Màmá wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àwo oúnjẹ kejì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Ìyá àgbà náà gbójú sókè, ó wo àjà láti igun kan dé ìkejì. Ó gbé àwo náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ bá mi tú u," ó ní. "Òjò sàn fún mi."

Àbúrò Abẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìyá rẹ̀ rékọjá lára rẹ̀ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

*

Ìyá Ìbejì kò tíì kúrò níbi tí Abẹ́rẹ́ fi í sí. Nígbà tí wọ́n mú ọkọ rẹ̀ jáde láti àtìmọ́lé, ọkùnrin náà rí i, ó sì yí ojú sí ògiri. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù. Bàtà kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ gbé fóònù fún obìnrin náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún wọn."

"Mi ò fẹ́ kàwé mọ́, Màdáámù."

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. Orí sìmẹ́ǹtì ló kúnlẹ̀ sí, níṣojú gbogbo àwọn ọlọ́pàá tó ń bẹ̀rù rẹ̀. "Mo bẹ̀ yín. Ẹ kà á."

Ìyá Ìbejì fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. "Ọkọ̀ ti wọ inú igbó láti àárọ̀."

Ọkùnrin náà yíjú padà kúrò lára ògiri. "Ọkọ̀?"

"Ọkọ̀ ni, Bàbá Ìbejì. Eruku ẹ̀ ni mo rí."

"Ohun tó o kọ nìyẹn?"

"Ohun tí mo kọ nìyẹn."

Bàbá Ìbejì wo obìnrin tó wà lórí ìkúnlẹ̀. Kò pariwo, ìyẹn ló burú jù. "Kí lẹ wá kà, ẹ̀yin?"

"Ọkọ," ni Abẹ́rẹ́ wí. "'Ọkọ ti wọ inú igbó láti àárọ̀.' Ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n gbé fún mi nìyẹn. Àbúrò mi ló yí i. Èmi ni mo gbà á gbọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi kà á fún mi bẹ́ẹ̀? Ẹ kàn ní ìyàwó mi ti jẹ́rìí sí i. Ẹ̀ bá kà á fún mi bó ṣe wà, ǹ bá ti sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni. Obìnrin yìí ò pè mí lọ́kọ rí láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra." Ó mi orí. "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi bínú sí i."

Ìyá Ìbejì bú sẹ́kún. Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú fóònù, ó sì dá a padà fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Ìyá Ìbejì," ni ọkùnrin náà wí, "jẹ́ ká lọ bá àwọn ọmọ." Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ẹsẹ̀ lásán ni ọkùnrin náà fi ń rìn, obìnrin náà di fóònù mú gírígírí láyà.

"Ọ̀gá, ẹ dìde," ni ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ àtìmọ́lé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n ti lọ."

Abẹ́rẹ́ fẹ́ dìde lóòótọ́. Ìgbà náà ló gbọ́ ọ láti ojú títì, ó ń yà wọ ọgbà àgọ́, sájẹ́ǹtì ló ń wà á, àbúrò rẹ̀ sì ni wọ́n gbé jókòó sẹ́yìn: fín-ín, fín-ín, fín-ín. Gbogbo àwọn ọlọ́pàá sá lọ sójú fèrèsé láti wò ó. Òun nìkan ni kò wò. Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mú àbúrò rẹ̀ wọlé.